Òru Kérésìmesì Tó Bí Ìdílé Walton

Lọ́dún 1971, ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n CBS ní Amẹ́ríkà gbálẹ̀. Wọ́n gbá Green Acres dànù, wọ́n gbá The Beverly Hillbillies, Mayberry R.F.D. àti Hee Haw tẹ̀ lé e. Kì í ṣe pé àwọn èèyàn ò wo àwọn eré náà mọ́. Àwọn tó ń polówó ọjà ló ní àwọn tó ń wò wọ́n ti dàgbà jù, àti pé ará oko ni wọ́n. Pat Buttram, tó wà nínú Green Acres, fi ṣẹ̀fẹ̀ pé eré yòówù tó bá ti ní igi nínú ni CBS fagi lé.

Lọ́jọ́ 19 oṣù Kejìlá ọdún yẹn kan náà, CBS yìí ló gbé fíìmù kan jáde nípa ìdílé tálákà kan lórí òkè ní ìpínlẹ̀ Virginia, igi sì kún inú rẹ̀ bámúbámú. The Homecoming ni orúkọ fíìmù náà. Òun ló di The Waltons, eré tí wọ́n fi sáà mẹ́sàn-án gbáko ṣe, tí àwọn èèyàn ṣì ń wò títí di àsìkò yìí.

Bí ẹ bá béèrè ìdí tó fi pẹ́ bẹ́ẹ̀, ohun tí ọ̀pọ̀ yóò sọ fún yín ni pé eré náà mọ́: kò sí ìsọkúsọ, kò sí ìhòòhò, èèyàn lè jókòó ti ọmọ àti àna rẹ̀ wò ó láìwá ibi tí yóò kọjú sí. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n eré tó mọ́ bíi tirẹ̀ pọ̀ lọ jàra tí ẹnikẹ́ni ò rántí mọ́. Lójú tèmi, ẹ̀rù ló gbé The Waltons ró.

Ẹ̀rù náà sì ní ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Earl Hamner Jr., tó kọ ìtàn náà, ni àkọ́bí nínú ọmọ mẹ́jọ ní Schuyler, abúlé kan ní Nelson County ní Virginia. Òkúta ni wọ́n fi ń jẹun níbẹ̀, òkúta rírọ̀ kan tó máa ń yọ̀ lọ́wọ́ bí ọṣẹ. Bàbá Earl wà lára àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ òkúta náà títí ọ̀dá owó tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1929 fi mú kó kógbá wọlé. Ó rí iṣẹ́ mìíràn nílé-iṣẹ́ DuPont ní Waynesboro, ní òdìkejì òkè Blue Ridge. Ibẹ̀ ló ń sùn láàárín ọ̀sẹ̀, òpin ọ̀sẹ̀ ló ń wálé. Bọ́ọ̀sì á já a sílẹ̀ lójú títì, á sì fẹsẹ̀ rin máìlì mẹ́fà tó kù. Nígbà tí Kérésìmesì ọdún 1933 ku ọ̀la, yìnyín bo ilẹ̀, òkùnkùn kùn, bàbá ò dé. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni Earl. Ìyá ń wo ọ̀nà, àwọn ọmọ ń wo ojú ìyá.

Òru náà pẹ́ kó tó dé orí tẹlifíṣọ̀n. Hamner ti ń kọ nǹkan láti kékeré; ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà tí ìwé ìròyìn Richmond Times-Dispatch tẹ ewì rẹ̀ jáde. Ó lọ sójú ogun, ó lọ sí yunifásítì, ó ṣiṣẹ́ rédíò, ó sì kọ apá mẹ́jọ fún eré tẹlifíṣọ̀n The Twilight Zone. Ìwé rẹ̀ Spencer's Mountain jáde lọ́dún 1961, wọ́n sì fi ṣe fíìmù lọ́dún 1963 pẹ̀lú Henry Fonda. Àmọ́ ìpínlẹ̀ Wyoming ni wọ́n gbé òkè Virginia lọ, nítorí pé òkè tibẹ̀ ga jù, ó sì dùn ún wò jù. Ìgbà tó kọ The Homecoming lọ́dún 1970 ló tó padà sí òru tó ń lé e kiri.

Nínú fíìmù tí wọ́n fi ìwé yẹn ṣe, ìyá rán John-Boy, àkọ́bí, sínú yìnyín pé kó lọ wá bàbá rẹ̀. Ìran kan tí mo fẹ́ràn jù ṣẹlẹ̀ kó tó jáde. Ọmọ náà ti ilẹ̀kùn mọ́rí, ìyá sì fura pé sìgá ló ń mu. Ó kàn án nípá, ọmọ náà bá fa ìwé kan jáde lábẹ́ ibùsùn: ó ń kọ nǹkan ni, ojú ló ń tì í. Nígbà tí bàbá dé nígbẹ̀yìn, tó ti ná gbogbo owó iṣẹ́ rẹ̀ sórí ẹ̀bùn, ìwé ìkọ̀wé ló kó fún John-Boy. Ọkọ náwó tán, ìyàwó ò mọ ohun tí wọn yóò jẹ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, síbẹ̀ inú gbogbo wọn dùn. Ẹ ò lè fọwọ́ rọ́ ọ̀kan nínú nǹkan wọ̀nyẹn tì kí èkejì ṣì dúró.

CBS sọ ọ́ di eré ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. Ọjọ́ 14 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1972 ló bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì gbé e sí alẹ́ Ọjọ́bọ̀, ní wákàtí kan náà pẹ̀lú Flip Wilson, aláwàdà tí eré rẹ̀ wà ní ipò kejì ní gbogbo Amẹ́ríkà. Kò jọ ibi tí èèyàn ń gbé ọmọ tó bá fẹ́ kó yè sí. Èèyàn díẹ̀ ló kọ́kọ́ ń wò ó. CBS wá sanwó ìpolówó nínú ìwé ìròyìn, wọ́n bẹ àwọn òǹwòran pé kí wọ́n má jẹ̀ẹ́ kí eré náà kú. Ó jọ pé ẹ̀bẹ̀ náà wọlé. Lọ́dún 1973, eré náà gba ẹ̀bùn Emmy fún eré tó dára jù; Richard Thomas tó ṣe John-Boy, Michael Learned tó ṣe ìyá àti Ellen Corby tó ṣe ìyá àgbà náà gba tiwọn. Ní sáà kejì, òun ló bọ́ sí ipò kejì náà. Eré Flip Wilson kásẹ̀ nílẹ̀ lọ́dún 1974.

Àwọn òṣèré tó ń ṣe ìdílé oníwà tútù yìí kì í ṣe ańgẹ́lì. Ralph Waite tó ṣe bàbá ti fìgbà kan jẹ́ àlùfáà ìjọ, ọtí sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ayé rẹ̀ jẹ́; ìgbà tó ń ṣe bàbá rere lórí tẹlifíṣọ̀n ló jáwọ́ ńbẹ̀. Will Geer, bàbá àgbà, kọ̀ láti dáhùn ìbéèrè ìgbìmọ̀ aṣòfin tó ń wá àwọn Kọ́múníìsì kiri lọ́dún 1951, wọ́n sì pa ilẹ̀kùn iṣẹ́ mọ́ ọn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nínú eré náà pàápàá, àwọn obìnrin Baldwin méjì, ọmọ bàbá kan náà tí wọ́n níyì bí ọmọ ọba, ń pọn ògógóró nílé, wọ́n sì ń pè é ní ìlànà bàbá wọn. Apá kan tún wà lọ́dún 1976 tí àwọn ará abúlé fẹ́ dáná sun ìwé Jámánì nítorí Hitler. John-Boy mú ọ̀kan nínú òkìtì ìwé náà, ó ní kí obìnrin kan tó gbọ́ èdè Jámánì kà á fún wọn. Bíbélì ni.

Lóṣù Kọkànlá ọdún 1976, àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lu Ellen Corby. Ọ̀rọ̀ ò fẹ́ẹ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Ilé-iṣẹ́ mìíràn ì bá wá ẹlòmíràn tàbí kí wọ́n sọ pé ìyá àgbà ti kú. Wọ́n dúró dè é. Nígbà tó padà ní ìparí sáà kẹfà, lóṣù Kẹta ọdún 1978, àìsàn tó ṣe é ló ṣe ìyá àgbà, ọ̀rọ̀ díẹ̀ tó lè sọ náà ni wọ́n kọ fún un. Bí Geer ṣe ń wo ojú rẹ̀ níbẹ̀, ẹ ò ní mọ ibi tí eré parí sí. Kò pé oṣù kan lẹ́yìn náà, lọ́jọ́ 22 oṣù Kẹrin, Geer kú. Àwọn tó ṣe eré náà tún kọ̀ láti fi ẹlòmíràn dípò. Sáà keje bẹ̀rẹ̀, bàbá àgbà ti di olóògbé, ìdílé náà sì lọ síbi sàréè rẹ̀.

N kò sọ pé kò ní àbùkù. Virginia ọdún 1933 tí ẹ̀ ń wò nínú eré yìí rọ aláwọ̀ dúdú lọ́rùn ju èyí tó wà lóòótọ́ lọ. Verdie, obìnrin aláwọ̀ dúdú tí Lynn Hamilton ṣe, wà nínú rẹ̀, apá tí John-Boy ti kọ́ ọ ní ìwé kíkà dára púpọ̀. Síbẹ̀, èèyàn lè wo ọ̀pọ̀ apá láìfura pé òfin ló ya ilé-ìwé dúdú àti funfun sọ́tọ̀.

Àwọn olóṣèlú kúkú fẹ́ràn adùn rẹ̀ láìmú ìkorò. Lóṣù Kìn-ín-ní ọdún 1992, Ààrẹ George H. W. Bush ní òun fẹ́ kí ìdílé Amẹ́ríkà jọ ìdílé Walton ju ìdílé inú eré àwòrán The Simpsons lọ. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, àwọn Simpson fi Bart ọmọ wọn fèsì: àwọn náà jọ ìdílé Walton, torí àwọn náà ń gbàdúrà kí ọ̀dá owó kásẹ̀ nílẹ̀. Ọmọ náà lóye eré yẹn ju Ààrẹ lọ. Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n CW náà fẹ́ jí ìdílé yìí dìde lọ́dún 2021, nínú gbogbo ìtàn tó ju igba lọ, òru tí bàbá ò tètè dé ni wọ́n mú, Richard Thomas tó ti di ẹni àádọ́rin ọdún ló sì ń fi ohùn rẹ̀ sọ ìtàn náà.

Hamner kú lọ́dún 2016. Ní Schuyler, ilé-ìwé tó ti kàwé nígbà èwe ti di ilé ìrántí láti ọdún 1992. Inú kíláàsì ni wọ́n kọ́ yàrá ìdáná Walton, pálọ̀ wọn àti yàrá John-Boy sí, wọ́n sì wo ti tẹlifíṣọ̀n kọ́ wọn. Ilé tí bàbá kò tètè dé sí lóru ọjọ́ yẹn gan-an kò jìnnà síbẹ̀, ẹsẹ̀ lásán tó o dé.