Okùn Ráísà lórí Màdábọ́ọ̀dù Àtijọ́: Ìbáramu, Iná àti Ààbò nínú Iṣẹ́ Àtúnṣe Kọ̀ǹpútà ní Baguida

1. Ìfáárà

Baguida wà ní ìlà-oòrùn Lomé, ní etí òkun, lójú ọ̀nà tó lọ sí Aného. Èbúté Lomé kò jìnnà sí i, tòkunbọ̀ sì ni ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń tún ṣe níbẹ̀: ẹ̀rọ ọ́fíìsì tí wọ́n ti lò nílẹ̀ òkèèrè kí wọ́n tó kó o wọ ọkọ̀ ojú omi. Iṣẹ́ sísọ ògbólógbòó ẹ̀rọ di ohun tó wúlò kì í ṣe tuntun ní Lomé. Ní ọdún 2013, Kodjo Afate Gnikou ti WoeLab fi ẹ̀yà kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ tí wọ́n ti dà nù ṣe ẹ̀rọ tó ń tẹ nǹkan jáde ní odindi, èyí tí wọ́n pè ní W.Afate.

Ìbéèrè àpilẹ̀kọ yìí kò tóbi, ṣùgbọ́n owó àti ààbò wà nínú rẹ̀. Bí ẹnì kan bá ní kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì tó ti jáde láàárín 2009 sí 2013, tó sì fẹ́ fi káàdì àwòrán sí i láti máa fi gé fídíò tàbí ya àwòrán ilé, ṣé okùn ráísà lè so méjèèjì pọ̀? Ìdáhùn wa pín sí mẹ́ta. Ní ti dátà, ó sábà máa ń ṣeé ṣe. Ní ti iná, ibẹ̀ ni ewu wà. Ní ti BIOS, ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti lè dúró pátápátá.

2. Oríṣi ráísà méjì

Ráísà ni okùn tó jẹ́ kí káàdì àwòrán lè jókòó síbòmíràn yàtọ̀ sí orí màdábọ́ọ̀dù, tí àwọn oníṣẹ́ Lomé ń pè ní carte mère. A máa ń lò ó bí àpótí kọ̀ǹpútà bá fún jù, tàbí bí káàdì bá nípọn débi pé ó bo ihò mìíràn mọ́lẹ̀.

Oríṣi kìíní jẹ́ okùn pẹlẹbẹ. Ó ń gbé gbogbo ọ̀nà dátà 16 tó wà nínú ihò ńlá, ó sì ń gbé iná láti ara màdábọ́ọ̀dù. Oríṣi kejì ni èyí tí àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà wa owó orí íntánẹ́ẹ̀tì ń lò. Ọ̀nà dátà kan ṣoṣo ló ń gbé, ó sì ń gba iná tààrà láti inú páwà kọ̀ǹpútà. Láti ìgbà tí Ethereum ti fòpin sí irú ìwakùsà yẹn ní oṣù kẹsàn-án 2022, àwọn ráísà yìí ti pọ̀ lọ́jà, owó wọn sì ti wálẹ̀. Okùn inú wọn jọ ti USB, ṣùgbọ́n kì í ṣe USB. Ẹni tó bá kì í bọ ojú USB kọ̀ǹpútà lè ba ẹ̀rọ jẹ́.

3. Ìran PCI Express

Ìran kejì ìlànà PCI Express jáde ní 2007, ìkẹta ní 2010, ìkẹrin ní 2017. Lójú ọ̀nà kan, ìran kìíní ń gbé 250 mẹ́gábáìtì ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìkejì ń gbé 500, ìkẹta ń gbé nǹkan bíi 985. Bí a bá tan ẹ̀rọ, káàdì àti màdábọ́ọ̀dù á jọ fẹnu kò sórí ìran tó ga jù tí àwọn méjèèjì mọ̀.

Ráísà kò sí nínú ìfẹnukò yìí. Okùn lásán ni, kò lè sọ pé agbára òun kò tó. Ìdí nìyí tí ráísà ìran kẹta fi lè mú kí ojú kọ̀ǹpútà ṣókùnkùn bó bá wà láàárín káàdì àti màdábọ́ọ̀dù tí àwọn méjèèjì jẹ́ ìran kẹrin. Àfi kí a wọ inú BIOS lọ dá ihò náà dúró sí ìran kẹta.

Lórí màdábọ́ọ̀dù àtijọ́, ire ni ọ̀rọ̀ yìí já sí. Èyí tó jẹ́ ìran kejì kò lè sáré kọjá ìran kejì, nítorí náà ráísà ìran kẹta tó dára á gbé e. Kò sídìí láti san owó ráísà ìran kẹrin fún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀.

Iye ọ̀nà dátà ló yẹ ká ṣọ́. Ihò ọlọ́nà 16 ti ìran kejì ń gbé 8 gígábáìtì ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ráísà awakùsà lórí ẹ̀rọ kan náà kò lè kọjá ìdajì gígábáìtì kan. Ìyẹn tó fún ìwakùsà, kò tó fún gígé fídíò. Káàdì bíi RX 6500 XT pàápàá, ọ̀nà mẹ́rin péré ló ní. Lórí màdábọ́ọ̀dù ìran kejì, gígábáìtì méjì ló máa rí gbà, ráísà yòówù kó jẹ́.

4. Iná

Ìlànà gba káàdì àwòrán láàyè láti fa tó 75 wáàtì láti inú ihò ńlá. Nínú èyí, ojú ọ̀nà fóltì 12 lè gbé áńpíà 5.5, ìyẹn 66 wáàtì. Àwọn kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì kéékèèké kan wà tí ìwé wọn fi òdiwọ̀n tó kéré sí 75 lélẹ̀, ráísà pẹlẹbẹ kò sì lè fi kún un.

Ewu tó burú jù wà lára ráísà awakùsà tó ń gba iná láti ojú okùn SATA. Áńpíà 4.5 ni wọ́n ṣe ojú yẹn fún lórí fóltì 12, ìyẹn 54 wáàtì. Bí káàdì bá béèrè 66, ojú náà á gbóná, ike rẹ̀ lè yọ́, ó sì lè gbiná. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ráísà tó ní ojú iná oníga mẹ́fà ni kí a yàn, kí a sì so ó mọ́ okùn tó wá tààrà láti inú páwà.

5. BIOS

Ọ̀pọ̀ màdábọ́ọ̀dù tó ṣáájú 2011 kò ní UEFI. Àwọn káàdì tuntun kan lè kọ̀ láti gbé àwòrán jáde lórí wọn, bí a bá tilẹ̀ kì wọ́n sínú ihò láìlo ráísà. Àṣìṣe tó rọrùn jù láti ṣe ni kí a di ẹ̀bi yìí ru okùn, kí a sì lọ ra òmíràn.

6. Ìlànà àyẹ̀wò

(i) Kọ́kọ́ ki káàdì bọ ihò láìlo ráísà, bí àpótí tilẹ̀ ní láti wà ní ṣíṣí. Bí kò bá ṣiṣẹ́ báyìí, má ra ráísà.

(ii) Ka iye wáàtì káàdì àti ti páwà. GTX 750 Ti ti 2014, tí òdiwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 60 wáàtì, rọ̀ wọ́n lọ́rùn ju káàdì tó nílò okùn iná méjì.

(iii) Ra okùn tó kúrú jù lọ tó lè dé ibi tí o fẹ́. Bó ṣe ń gùn ni àmì inú rẹ̀ ń rẹ̀ sí i.

(iv) Nu ojú irin káàdì àti ti ráísà. Atẹ́gùn oníyọ̀ etí òkun kì í dá irin sí.

(v) Fi GPU-Z wo iye ọ̀nà àti ìran tí wọ́n fẹnu kò sí, nígbà tí káàdì bá ń ṣiṣẹ́. Bí káàdì bá ń sinmi, ìran á lọ sílẹ̀ láti dín iná kù, ìyẹn kì í ṣe àbùkù. Ṣùgbọ́n bí ọ̀nà 16 bá di 8 tàbí 4 lórí ráísà nìkan, ojú kan kò kanra dáadáa nìyẹn.

(vi) Lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú iṣẹ́ líle, pa ẹ̀rọ, kí o sì fọwọ́ kan ojú iná ráísà. Bó bá gbóná débi tí ọwọ́ kò lè dúró lórí rẹ̀, má tún tan án.

7. Ìparí

Ọjọ́ orí màdábọ́ọ̀dù nìkan kọ́ ló ń pinnu ìbáramu. Màdábọ́ọ̀dù tó lọ́ra ń dáríji okùn tí kò lágbára ní ti dátà. Kò sí ìdáríjì bẹ́ẹ̀ ní ti iná. Ẹni tó bá ń tún ẹ̀rọ ṣe fún oníbàárà ní Baguida, kí ó ṣírò wáàtì kí ó tó dárúkọ iye owó.