Bàálù Àfọwọ́kàn: Ohun Tí Ó Ṣeé Ṣe àti Ohun Tí Ó Léwu

Ní ọdún 1959, nígbà tí ìdìbò àpapọ̀ ilẹ̀ Nàìjíríà ń bọ̀, Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọmọ bíbí Ìkẹ́nnẹ́, mú ẹ̀rọ òfurufú tí à ń pè ní hẹlikọ́pítà wọ inú ìpolongo ìbò, tí tọmọdé tàgbà sì ń jáde síta láti wo ohun tí ń bọ̀ láti òkè. Lónìí, pápá ọkọ̀ òfurufú ti wà láàárín Ìlíṣàn àti Ìpẹru, ní ilẹ̀ Rẹ́mọ gan-an, èyí tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn ṣe nítorí kíkó ẹrù oko àti èrò. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà títí di ìsinsìnyí, àlejò ni ọkọ̀ òfurufú ń ṣe láàárín wa. Àwọn ẹlòmíràn ni wọ́n ń kàn án. Àwa ń san owó, a sì ń wọ̀ ọ́.

Nítorí náà, kò yà wá lẹ́nu pé ìbéèrè kan ń jáde láti ẹnu àwọn ọ̀dọ́ tí ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì àti iṣẹ́ wẹ́dà ní Ṣágámù: ǹjẹ́ ènìyàn kan ṣoṣo lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan bàálù ní ẹ̀yìnkùlé, kí ó wọ inú rẹ̀, kí ó fò, kí ó sì padà sọ̀kalẹ̀ láàyè? Ìdáhùn wa ni pé bẹ́ẹ̀ ni. A ti ṣe é ní òkè òkun láìmọye ìgbà, a ti ṣe irú rẹ̀ ní Gánà, a sì ti ṣe irú rẹ̀ ní Nàìjíríà yìí. Ibi tí ikú gbé máa ń ba dè ní inú iṣẹ́ náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀, ọ̀rọ̀ náà sì ni a fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ.

Kí ẹ má ṣe gbàgbé pé bàálù àkọ́kọ́ pàápàá, àfọwọ́kàn ni. Àwọn ará Wright, tẹ̀gbọ́n tàbúrò, oníṣòwò kẹ̀kẹ́ ni wọ́n ní ìlú Dayton ní Amẹ́ríkà. Nínú ṣọ́ọ̀bù kẹ̀kẹ́ wọn ni ọmọ iṣẹ́ wọn ti ṣe ẹ́ńjìnì tí ó ní agbára bí ẹṣin 12, nígbà tí ó sì di ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá ọdún 1903, ọkọ̀ náà fò fún ìṣẹ́jú àáyá 12, ó sì lọ ẹsẹ̀ bàtà 120. Ẹni tí ó bá ń gbé ní Ṣágámù lè fi ẹsẹ̀ wọn ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ dé ilé aládùúgbò rẹ̀ kẹta.

Ìtàn tí ó kan Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ ọkùnrin kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Richard VanGrunsven, ọmọ àgbẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà. Ọ̀dọ́mọkùnrin yìí ra bàálù kékeré kan tí ẹlòmíràn ti kàn ní ilé, irú èyí tí à ń pè ní Stits Playboy, oníjókòó kan. Bàálù náà ń fò, ṣùgbọ́n kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó yọ ẹ́ńjìnì rẹ̀ kúrò, ó fi èyí tí ó lágbára ju bẹ́ẹ̀ lọ sí i. Lẹ́yìn èyí, ó yọ apá rẹ̀, èyí tí a fi igi àti aṣọ ṣe tí ọ̀pá sì gbé ró, ó sì fi páànù alumíníọ̀mù ṣe apá tuntun tí kò nílò ọ̀pá kankan. Ọdún 1965 ni èyí. Ọkọ̀ tí ó jáde láti inú àtúnṣe náà ni ó sọ ní RV-1, láti ara ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ rẹ̀. Láti orí rẹ̀ ni ó ti bọ́ sí orí yíya bàálù tirẹ̀ láti ìpìlẹ̀, tí ó sì dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ tí ń ta èròjà bàálù sínú àpótí, kí oníbàárà lè kàn án fúnra rẹ̀ ní ilé. Bàálù tí àwọn oníbàárà rẹ̀ ti kàn parí tí wọ́n sì ti fò ju 11,000 lọ.

Ẹnìkan lè wí pé, bí ó bá rọrùn fún òun láti yọ ẹ́ńjìnì kí ó sì pààrọ̀ apá, kí ni ó dé tí mẹkáníìkì wa kò fi lè ṣe é? Ẹ jẹ́ kí a rántí pé ọkùnrin náà ti mọ ọkọ̀ òfurufú wà láti ìgbà èwe rẹ̀ ní pápá oko bàbá rẹ̀, ó kàwé gboyè nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ, ó sì ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ àwọn ọmọ ogun òfurufú. Kí ó tó gé páànù kan, ó ti fi kálámù ṣírò ẹrù tí apá náà yóò rù.

Ọ̀kan nínú àwọn bàálù tí ó tẹ̀lé RV-1 ni RV-6A, oníjókòó méjì tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Òun ni àwọn ọmọ ogun òfurufú ilẹ̀ wa yàn nígbà tí wọ́n ń wá ọkọ̀ tí wọn yóò fi máa kọ́ àwọn ọmọ tuntun ní wíwà bàálù. Ní Kaduna, ilé iṣẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, AIEP, tún un ṣe láti bá ìlò ológun mu, wọ́n fi ẹ́ńjìnì alágbára ẹṣin 180 sí i, wọ́n sì sọ ọ́ ní Air Beetle, orúkọ kòkòrò bí ọ̀bọ̀ǹbọ̀n. Orúkọ náà bá a mu púpọ̀, nítorí bí ènìyàn bá wo ọ̀bọ̀ǹbọ̀n nílẹ̀, kò ní gbà pé ó lè fò. Ọdún 1988 ni èyí àkọ́kọ́ gòkè. Nǹkan bí 60 ni wọ́n kàn kí iṣẹ́ náà tó dáwọ́ dúró ní nǹkan bí ọdún 1990 sí òpin ọ̀rúndún tí ó kọjá. Ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n wà lórí ọkọ̀ ńlá lẹ́yìn náà, inú ọ̀bọ̀ǹbọ̀n yìí ni wọ́n ti kọ́kọ́ di ọwọ́ ìtọ́kọ̀ mú. Ó dùn wá pé púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wa tí ń kọ́ nípa ìmọ̀ ẹ̀rọ kò tilẹ̀ gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n mọ orúkọ gbogbo mọ́tò tí ń bọ̀ láti Jàpáànù.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a wọ inú iṣẹ́ náà. Ara bàálù bẹ́ẹ̀, páànù tẹ́ẹ́rẹ́ ni, tí a fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún ribẹ́ẹ̀tì so mọ́ egungun tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ bákan náà. Kò sí ibi tí a ti ń fi iná jó o pọ̀ bí ti géètì. Ihò kọ̀ọ̀kan ni a ó lu, a ó fá etí rẹ̀ kí ó má ṣe ní ṣégeṣège, nítorí pé láti ibi ṣégeṣège ni páànù ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í ya. Ọ̀rọ̀ ihò yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ilé iṣẹ́ VanGrunsven fúnra rẹ̀ gba kí wọ́n máa fi ìtànṣán iná lésà gé díẹ̀ nínú èròjà wọn kí iṣẹ́ lè yá. Àwọn oníbàárà rí i pé etí ihò wọ̀nyẹn ń ya nígbà tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́. Owó tí wọ́n ná láti pààrọ̀ wọn wà lára ohun tí ó gbé ilé iṣẹ́ náà dé iwájú ilé ẹjọ́ ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, láti tọrọ ààbò lọ́wọ́ àwọn tí ó jẹ lówó, kí ó tó gbérí padà ní 2024.

Àkókò ńkọ́? Bí iṣẹ́ kan bá gba wákàtí 2,000, tí òṣìṣẹ́ ìjọba bí tiwa sì lè ya wákàtí 10 sọ́tọ̀ ní ọ̀sẹ̀, ọ̀sẹ̀ 200 ni yóò lò, èyí tí ó sún mọ́ ọdún 4. Kí ìyàwó ilé gbọ́ èyí kí ó tó fọwọ́ sí i.

Ohun tí ó tún ṣòro jù ni ìdọ́gba ẹrù. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti wo bí wọ́n ti ń di agbọ̀n obì sínú lọ́rì ní Sábó, ní Ṣágámù, mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Bí wọ́n bá kó gbogbo ẹrù sí ẹ̀yìn pátápátá, iwájú lọ́rì yóò fúyẹ́, ọwọ́ ìtọ́kọ̀ kò ní gbọ́ràn. Lọ́rì lè dúró lẹ́bàá ọ̀nà kí wọ́n tún ẹrù tò. Bàálù kò ní ẹ̀bá ọ̀nà. Bí ẹrù bá wúwo jù ní ìdí, imú rẹ̀ yóò máa gòkè títí apá kò fi ní lè gbé e mọ́, yóò sì já bọ́ láìgbọ́ràn sí ìrù. Nítorí náà ẹni tí ó bá fi ẹ́ńjìnì tí ó wúwo sí iwájú, tàbí tí ó bá sún ìjókòó sẹ́yìn kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè nà, ó ti kàn bàálù mìíràn nìyẹn, ìṣirò àtijọ́ kò sì bá a mu mọ́. Ẹ́ńjìnì tí ó lágbára jù tún ń mú kí eré pọ̀ ju ohun tí a ṣe apá fún, títí apá tàbí ìrù yóò fi máa gbọ̀n bí páànù òrùlé tí ìṣó rẹ̀ ti tú nínú ìjì.

Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Henri Mignet, kọ ìwé ní 1934 tí ó fi kọ́ ẹnikẹ́ni tí ó lè di òòlù àti ayùn mú bí yóò ti ṣe bàálù kékeré, tí apá kan wà lókè níwájú tí èkejì sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ènìyàn ní ilẹ̀ Faransé àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kàn án bí ẹní ń kàn àpótí. Láìpẹ́, wọ́n ń kú. Nígbà tí àwọn onímọ̀ gbé e sínú yàrá tí a ti ń fẹ́ afẹ́fẹ́ líle lu ọkọ̀, ní ọdún 1936, wọ́n rí i pé bí imú rẹ̀ bá ti tẹ̀ sílẹ̀ dé ìwọ̀n kan, àyè tí ó wà láàárín apá méjèèjì kì í jẹ́ kí ó lè gbé imú sókè mọ́. Àìdára iṣẹ́ ọwọ́ kọ́ ni ó pa gbogbo wọn. Ọ̀pọ̀ kàn án bí ìwé ti wí.

Ẹlòmíràn kú nítorí pé wọn kò kàn án bí ìwé ti wí. John Denver, olórin tí gbogbo ayé mọ̀, ra bàálù àfọwọ́kàn kan tí à ń pè ní Long-EZ. Gẹ́gẹ́ bí àwòrán Burt Rutan tí ó ya ọkọ̀ náà, iwájú ìjókòó, láàárín ẹsẹ̀ awakọ̀, ni ó yẹ kí táàpù epo wà. Ẹni tí ó kàn án gbé táàpù náà lọ sí ẹ̀yìn èjìká òsì, nítorí kò fẹ́ kí páìpù epo gba ibi tí ènìyàn jókòó sí kọjá. Èrò náà kò burú, ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí ó yọrí sí. Ọwọ́ táàpù náà le, wọ́n sì fi ẹ̀mú dè é kí ó lè ṣeé yí. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹwàá ọdún 1997, epo ẹ̀gbẹ́ kan ń tán lọ, ó sì ní láti yí ara padà láti kan táàpù náà; àwọn olùwádìí ìjọba Amẹ́ríkà parí rẹ̀ sí pé níbi tí ó ti ń yíjú sẹ́yìn ni ọkọ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tí ó sì já sínú òkun ní California. Kọ́ọ̀kì kékeré kan ni o.

Nígbà tí a gbọ́ ní 2007 pé akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Kano, Mubarak Muhammed Abdullahi, fi ẹ́ńjìnì Honda Civic àti àjókù mọ́tò ṣe hẹlikọ́pítà, inú wa dùn bí ti gbogbo ènìyàn. Ìròyìn sọ pé kò gòkè ju ẹsẹ̀ bàtà 7 lọ. Àwọn kan fi ṣe ẹlẹ́yà. Lójú tiwa, ọgbọ́n ni ó jẹ́ fún un pé kò wá ẹsẹ̀ bàtà 70. Ohun tí ó nílò ni ẹni tí yóò bá a yẹ ìṣirò rẹ̀ wò.

Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni wọ́n rí ní Kpong, ní Gánà. Ọmọbìnrin kan, Patricia Mawuli, wá iṣẹ́ dé pápá òfurufú tí ó wà níbẹ̀. Kùkùté igi ni wọ́n kọ́kọ́ ní kí ó máa hú. Láti ibẹ̀ ó dé inú ṣọ́ọ̀bù, ó kọ́ bí a ti ń lu ihò, bí a ti ń fi ribẹ́ẹ̀tì so páànù àwọn bàálù Zenith kékeré, lẹ́yìn náà ó kọ́ bí a ti ń wà wọ́n, ó sì kọ́ àwọn ọmọbìnrin mìíràn. Olùkọ́ wà nídìí rẹ̀ ní ọjọ́ gbogbo, ìwé àwòrán sì wà lórí tábìlì.

Ní Amẹ́ríkà, ẹni tí ó bá kàn ju ìdajì bàálù lọ fúnra rẹ̀ ni òfin kà sí ẹni tí ó kàn án. Aṣojú ìjọba yóò wá yẹ ẹ́ wò. Wọn yóò ní kí ó kọ ọ́ sí ara ọkọ̀ náà gàdàgbà pé ọkọ̀ ìdánwò ni. Lẹ́yìn èyí, wákàtí 25 ni ó sábà máa ń fi dá fò é bí ẹ́ńjìnì àti abẹ̀bẹ̀ iwájú rẹ̀ bá jẹ́ èyí tí ìjọba ti fọwọ́ sí pọ̀, tàbí wákàtí 40 bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ní agbègbè tí wọ́n bá là sílẹ̀ fún un, níbi tí ilé kò pọ̀ sí. Ní gbogbo wákàtí wọ̀nyẹn, kò gbọdọ̀ fi èrò sínú rẹ̀ láti gbé e ṣeré, ìbáà ṣe aya rẹ̀, ìbáà ṣe ọmọ rẹ̀.