Ọmọ Tí Igbó Di Bárakú Fún: Ta Ni Yóò Wò Ó Sàn?

Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Ọ̀rọ̀ àwọn àgbà yìí ni ó sọ sí wa lọ́kàn nígbà tí a jókòó láti kọ̀wé nípa àwọn ọmọ wa tí ọtí líle, igbó, tramadol àti oògùn ikọ́ oní-kodéènì ti di bárakú fún. Hẹ̀rẹ̀huru náà ti dé gbogbo àdúgbò, síbẹ̀ púpọ̀ nínú wa ń ṣe bí ẹni tí ń sùn.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò gbe ọ̀rọ̀ wa lẹ́sẹ̀. Ní ọdún 2019, ilé-iṣẹ́ ìṣirò ti ìjọba Nàìjíríà àti àjọ Ìparapọ̀ Àwọn Orílẹ̀-èdè tí ń rí sí ọ̀ràn oògùn olóró gbé ìwádìí kan jáde. Nínú 100 ènìyàn tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 15 sí 64, ó tó 14 tí ó lo oògùn olóró tàbí tí ó ṣi oògùn lò láàárín ọdún kan. Gbogbo wọn lápapọ̀ jẹ́ 14.3 mílíọ̀nù. Ní Ìwọ̀-Oòrùn Gúúsù níhìn-ín, 22 nínú 100 ni, kò sì sí ìhà mìíràn tí iye tirẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Wọn kò tilẹ̀ ka ọtí mọ́ ọn. Àwa tí a ń fi ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti ọdún 1955 yangàn títí di òní, ẹ jẹ́ kí ojú tì wá díẹ̀.

Kí ni ẹbí máa ń ṣe bí irú ọ̀ràn yìí bá wọlé? Ìyá ni yóò kọ́kọ́ bò ó mọ́ra. Yóò san gbèsè tí ọmọ jẹ, yóò sì ránṣẹ́ sí olùkọ́ pé ibà ni ń ṣe é. Ìfẹ́ ni ó pè é, ṣùgbọ́n owó igbó ti ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ ni ó ń san. Bí àṣírí bá tú, bàbá yóò yarí, yóò ní òun kò bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀, yóò sì lé e jáde. Àwọn tí ń tà á fún un ni yóò sì gbà á sílé. Ẹ̀kẹta ni ó burú jù: ẹbí yóò dáwó jọ, wọn yóò mú ọmọ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ de ènìyàn mọ́lẹ̀, tí wọ́n ń nà án, tí wọ́n sì ń fi ebi pa á. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, àwọn ọlọ́pàá tú 259 ènìyàn sílẹ̀ nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ kan ní ìlú Ìbàdàn. Ní irú ibi wọ̀nyí, kì í ṣe ọ̀tá ni ó sábà máa ń mú wọn lọ síbẹ̀, bí kò ṣe bàbá, ìyá àti ẹ̀gbọ́n wọn.

A kò sọ èyí láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ẹni tí ọmọ ti jí ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán ilé tà, tí ó ti gbé ọ̀bẹ sí ìyá rẹ̀, kò mọ ibi tí òun ìbá gbà mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a mọ̀ pé bárakú kì í ṣe ìwà ìgbéraga tí ẹgba lè lé jáde lára. Àìsàn ni. Ẹni tí ó ti ń mu ọtí líle lójoojúmọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí a bá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lójijì láìsí dókítà nítòsí, gìrì lè gbé e, orí rẹ̀ lè dàrú, ó sì lè kú. Ẹni tí a dè mọ́ òpó ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, ọwọ́ ikú ni a fi í lé.

Ọ̀nà mìíràn wà, ilẹ̀ wa ni ó sì ti hù. Ní ọdún 1954, Dókítà Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní Aro. Kò ti àwọn aláìsàn ọpọlọ mọ́ inú ọgbà. Ó fi wọ̀ sí àwọn abúlé tí ó wà nítòsí, ṣùgbọ́n ó ní àdéhùn kan: aláìsàn kò gbọdọ̀ dá wá. Ìyá, ẹ̀gbọ́n tàbí ìbátan mìíràn gbọ́dọ̀ bá a wá, kí ó máa gbọ́ oúnjẹ fún un, kí ó máa fọ aṣọ rẹ̀, kí ó sì máa mú un lọ gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn. Àwọn ará abúlé a máa gba owó ilé, aláìsàn a sì máa bá wọn ṣe iṣẹ́ oko. Àwọn oníṣègùn láti ilẹ̀ òkèèrè wá wò ó, Lambo fúnra rẹ̀ sì di igbá-kejì olórí àjọ Ìlera Àgbáyé lẹ́yìn náà.

Òtítọ́ ni pé kì í ṣe nítorí bárakú ni a ṣe dá ètò yẹn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ kan bárakú gbọ̀ngbọ̀n. Ìbátan tí ó bá aláìsàn gbé Aro kò padà sílé gẹ́gẹ́ bí ó ti wá. Ojú rẹ̀ ti là. Ó ti mọ ìgbà tí àìsàn ń bọ̀, ó sì ti mọ ohun tí a ń ṣe sí i. Ṣùgbọ́n lónìí, bí a bá tilẹ̀ mú ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn tòótọ́, a óò sanwó, a óò yí ẹ̀yìn padà, ó di ìgbà tí wọ́n bá pè wá kí a wá mú un. Ọmọ ti yípadà. Ilé kò yípadà. Bàbá ṣì ń mu ògógóró ní iwájú ilé, ìjà àtijọ́ ṣì wà nílẹ̀, orúkọ ọmọ sì ti di "amugbó" lẹ́nu gbogbo ará ilé. Bí ó bá padà sí ìdí igbó, a óò ní a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ẹ bá ọmọ yín lọ. Ẹ jókòó ti dókítà, kí ẹ sì sọ òtítọ́ fún un, títí kan èyí tí ó kan ẹ̀yin gan-an. Ẹ fún un ní oúnjẹ, ẹ má ṣe kó owó lé e lọ́wọ́. Ẹ má ṣe san gbèsè rẹ̀ ní kọ̀rọ̀. Bí ó bá ṣubú lẹ́yìn tí ó ti sàn, ẹ tètè mú un padà, nítorí pé ìṣubú wọ́pọ̀ nínú àìsàn yìí, kì í sì í ṣe òpin ìrìn àjò. Kí ẹ̀yin náà má sì dá ẹrù náà rù. Ní Amẹ́ríkà, àwọn ìyàwó ọ̀mùtí dá ẹgbẹ́ Al-Anon sílẹ̀ ní 1951, kí àwọn ará ilé ọ̀mùtí lè máa pàdé, kí wọ́n sì máa gba ara wọn níyànjú. Àwa tí a ní ẹgbẹ́ ìyá ìjọ, ẹgbẹ́ aláàdúrà àti ẹgbẹ́ ọlọ́jà, kí ni ó dí wa lọ́wọ́?

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin ni ẹ máa ń kọ́kọ́ rí ọmọ tí ń tòògbé ní kíláàsì, tí ìwé rẹ̀ ń jó rẹ̀yìn. Ẹ ránṣẹ́ pe òbí kí ẹ tó kọ ìwé ìlélọ. Ọmọ tí ilé ìwé lé, ìgboro ni yóò kọ́ ọ.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, ẹ jẹ́ kí a bá ara wa sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Ta ni ń ra ọtí fún àwọn ọmọ tí ń sáré tẹ̀lé ọkọ̀ ìpolongo ìbò? Bí ẹni tí ń wá ìbò bá dé ẹnu ọ̀nà yín, ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta. Ilé ìtọ́jú wo ni yóò kọ́ sí ìtòsí wa? Èló ni tálákà yóò san níbẹ̀? Ṣé yàrá yóò wà níbẹ̀ tí ìyá aláìsàn lè sùn? Bí kò bá lè fèsì, ẹ mọ̀ pé kò tíì ronú kan ọmọ yín.

Ọmọ kì í burú títí kí a fi fún ẹkùn pa jẹ. Ẹ lọ mú tiyín kúrò lẹ́nu ẹkùn lónìí.