Àwọn Òkú Inú Ilé Ìrèké

Nínú White Zombie, sinimá tí ó jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1932, ìran kan wà tí kò lè kúrò lọ́kàn wa. Inú ilé tí wọ́n ti ń fún ìrèké ni, ní Haiti. Àwọn òkú tí wọ́n jí dìde ń ti ẹ̀rọ náà yípo, wọn kò sọ̀rọ̀, wọn kò wo ẹnikẹ́ni. Ọ̀kan kọsẹ̀, ó já bọ́ sínú ẹ̀rọ. Àwọn yòókù kò dúró. Igi ẹ̀rọ ń han, iṣẹ́ ń lọ.

Ọjọ́ mọ́kànlá péré ni wọ́n fi ya sinimá náà, nínú àwọn ilé àfiṣeré tí wọ́n ti kọ́ fún sinimá mìíràn. Ní àkókò yẹn, ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà ti dẹnu kọlẹ̀, àwọn ilé sinimá sì ń fi sinimá méjì hàn fún owó ìwọlé kan ṣoṣo kí èrò lè wá. Èkejì gbọ́dọ̀ kúrú, kí ó má sì náni lówó púpọ̀: ti ẹ̀rù, ti ọ̀ràn tí a ń wádìí, tàbí ti ẹ̀rín.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá. Vodun ni ẹ̀sìn tí Hollywood sọ di ohun ìdẹ́rùbà, láti etíkun tiwa ni ó sì ti bá àwọn ẹrú wọ ọkọ̀. Àwọn Nàgó wà nínú wọn. Títí di òní, ìdílé ẹ̀mí kan wà ní Haiti tí wọ́n ń pè ní Nago, Ògún sì wà nínú rẹ̀. Àwọn sójà Amẹ́ríkà jókòó sórí Haiti láti 1915 sí 1934, ìwé The Magic Island tí William Seabrook kọ ní 1929 sì tan ìtàn òkú tí ń ṣiṣẹ́ oko ká Amẹ́ríkà. Fún ará Haiti, ẹ̀rù ibẹ̀ kì í ṣe pé òkú yóò pani. Ẹ̀rù ibẹ̀ ni pé kí ènìyàn kú tán, kí wọ́n sì tún mú un padà sóko olówó rẹ̀. Lónìí àwọn ọ̀dọ́ wa ń wo zombi lórí fóònù, wọ́n sì ń yẹra fún ojúbọ ìyá wọn àgbà bí ẹni pé ibẹ̀ ni ó ti jáde.

Ní 1941, Monogram, ilé-iṣẹ́ kan tí kì í náwó, gbé King of the Zombies jáde láti pa wá lẹ́rìn-ín. (Orin inú rẹ̀ tilẹ̀ wà lára àwọn tí a yàn fún ìdíje Oscar!) Mantan Moreland, adúláwọ̀ ọmọ Louisiana, ni ó ṣe Jeff, ìránṣẹ́ aláwọ̀ funfun kan. Wọ́n ní kí ó lọ sùn lọ́dọ̀ àwọn ọmọ ọ̀dọ̀. Ibẹ̀ ni ó ti rí àwọn òkú. Ó sáré wá sọ, àwọn ọ̀gá rẹ̀ kò gbà á gbọ́. Ojú tí wọ́n ní kí ó máa là kalẹ̀ yẹn, ẹ̀gàn ni sí ènìyàn dúdú, a kò ní bò ó. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti kúrò lójú ìran, oorun a máa kun ni.

I Walked with a Zombie, ti 1943, ni àwa fẹ́ràn jù. RKO fún Val Lewton ní àkọlé náà kí ìtàn tó wà, wọ́n sì ní iye owó rẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá 150,000 dọ́là. Jacques Tourneur, ọmọ bíbí Paris, ni ó darí rẹ̀. Òjìji ni ó fi dípò owó. Ẹni tí ń ṣọ́ oríta níbẹ̀, Carrefour ni orúkọ rẹ̀. Ẹ̀yin tí Lẹ́gbà ń ṣọ́ oríta ìlú yín kò nílò àlàyé.

Nọ́ọ̀sì aláwọ̀ funfun kan dé erékùṣù náà. Adúláwọ̀ tí ń wa kẹ̀kẹ́ ẹṣin rẹ̀ sọ fún un nípa ọkọ̀ tí ó kó àwọn baba àti ìyá wọn wá nínú ẹ̀wọ̀n. Nọ́ọ̀sì náà ní, ó kéré tán, ibi tí ó rẹwà ni wọ́n kó wọn wá. Ọkùnrin náà kò bá a jiyàn. Ó ní bí ó bá ti wí bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni, ó sì ń da ẹṣin rẹ̀ lọ.