Kí Ló Dé Tí Wúfà Ọkọ̀ Ọmọ Yín Fi Dákẹ́?

Ó ṣeé ṣe kí ìró yẹn má ṣàjèjì sí yín. Ọkọ̀ ò tíì yà wọ àdúgbò, fèrèsé pálọ̀ ti ń gbọ̀n. Bí ọmọ mi ọkùnrin ṣe máa ń ti ibi iṣẹ́ rẹ̀ bọ̀ ní gbogbo ọjọ́ Sátidé nìyẹn, nínú Fiesta kan tó ti gbó díẹ̀, àmọ́ tó fi owó ara rẹ̀ rà. Wúfà méjì ló kó sí búùtù, kò sì sáyè fún àpò ìrẹsì kan ṣoṣo mọ́.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, ó wọlé láìsí ìró kankan. Ojú rẹ̀ fàro. Ó ní wúfà ti dákẹ́, iná pupa sì ń tàn lára amplifier, èyí tí àwọn ọmọ ń pè ní amp. Ẹni tó ta ẹrù náà fún un ti sọ pé kó lọ wá owó amp mìíràn tó lágbára ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo ní kó jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì ná. Ohun tá a rí níbẹ̀ ló mú kí n kọ̀wé yìí sí ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ọ̀dọ́: wáyà pupa tó gbé iná láti orí bátìrì lọ sí búùtù ò ní fíùsì kankan.

Ẹ jẹ́ ká sọ ti wáyà yẹn kọ́kọ́, torí ó ju ọ̀rọ̀ orin lọ. Wáyà náà máa ń gba inú ihò kan lára irin kọjá kó tó wọ inú ọkọ̀. Bí ọkọ̀ ṣe ń mì, irin á máa họ ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Lọ́jọ́ tí bàbà inú rẹ̀ bá kan bọ́ọ̀dì ọkọ̀, gbogbo agbára bátìrì á rọ́ gba ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wáyà á pọ́n bí irin alágbẹ̀dẹ, iná á sì ràn mọ́ kápẹ́ẹ̀tì. Fíùsì ló yẹ kó já kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ jìnnà sí bátìrì ju íǹṣì 18 lọ, ìyẹn nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 45. Ẹ má gbára lé èyí tó wà lára amp fúnra rẹ̀ o, torí pé ìyẹn ò lè dáàbò bo wáyà tó gùn láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ibi tí wáyà bá ti gba inú irin kọjá, rọ́bà gbọ́dọ̀ yí i ká.

Ìwọ ọ̀dọ́ tó ò ń kà á, tó ò mọ̀ bóyá tìẹ ní fíùsì, lọ wò ó kó o tó tún gbé ọkọ̀ náà jáde. Bó ò bá rí i, tú wáyà pupa yẹn kúrò lórí bátìrì títí wàá fi rí fíùsì rà.

Wàyí o, kí ló pa wúfà lẹ́nu mọ́?

Lára páálí wúfà ọmọ mi, wọ́n kọ 1,200 watt gàdàgbà. Nínú ìwé pélébé tó wà nínú páálí kan náà, wọ́n kọ 300 watt RMS. Ti inú ìwé yẹn ni kẹ́ ẹ gbà gbọ́. RMS ni agbára tí wúfà lè máa gbà fún ọ̀pọ̀ wákàtí láìjóná. Ti gàdàgbà yẹn ò ju ti ìṣẹ́jú àáyá kan lọ, nígbà míì kò tiẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Bẹ́ ẹ bá ń ra amp, ẹ wá àmì CEA-2006 tàbí CTA-2006 lára rẹ̀. Ó túmọ̀ sí pé ọ̀nà kan náà ni wọ́n gbà wọn agbára rẹ̀ bíi ti àwọn yòókù: pẹ̀lú iná 14.4 volt, lórí 4 ohm, tí ìdàrúdàpọ̀ ohùn ò sì ju ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lọ.

Àmọ́ ohm ló ko ọmọ mi lójú. Ohm ló ń sọ bí wúfà ṣe ń dá iná dúró tó. Bó bá ṣe kéré tó ni amp á ṣe tú iná jáde tó, tí á sì máa gbóná. Wúfà rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní kọ́ìlì méjì, 4 ohm sì ni kọ́ìlì kọ̀ọ̀kan. Bẹ́ ẹ bá so pọ̀sítíìfù méjèèjì pọ̀, tẹ́ ẹ sì so nẹ́gétíìfù méjèèjì pọ̀, 2 ohm ni amp á rí. Bẹ́ ẹ bá so wọ́n tẹ̀ léra bí ìlẹ̀kẹ̀ orí okùn, 8 ohm ni. Wúfà kan ló kọ́kọ́ rà, ó so ó sí 2 ohm, ó sì ń dún dáadáa. Ìgbà tó ra èkejì, ó so kọ́ìlì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ lọ́nà kan náà, ó wá di 1 ohm. Wọ́n sì kọ ọ́ sára amp náà gbangba pé kò gbọ́dọ̀ kéré sí 2 ohm. Amp náà ò kú. Ṣe ló ti ara rẹ̀ pa kó má bàa jóná.

Bá a ṣe mọ̀ nìyí. A yọ wáyà wúfà kúrò lẹ́yìn amp, a pa rédíò, a tún un tàn. Iná pupa ò tàn mọ́. Ìyẹn fi hàn pé ọ̀dọ̀ wúfà tàbí wáyà rẹ̀ ni ọ̀ràn wà. A wá fi mítà, irú èyí táwọn rewáyà ń lò nílé, wọn kọ́ìlì kọ̀ọ̀kan. Kọ́ìlì 4 ohm tó bá yè sábà máa ń fi nǹkan bíi 3.2 sí 3.8 hàn, bó bá jẹ́ òdo, tàbí tí mítà ò rí nǹkan kan, ó ti jó nìyẹn. Tiwa yè ní mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ká ní iná pupa ò kúrò lẹ́yìn tá a tú wúfà àti wáyà rédíò kúrò, amp gan-an là bá gbé lọ fún alátùn-únṣe.

Bó bá jẹ́ pé iná kankan ò tàn rárá ńkọ́? Ẹ wọn iná pọ̀sítíìfù amp, kẹ́ ẹ wá wọn ti wáyà tínrín tó ti ara rédíò wá. Ó yẹ kí méjèèjì fi nǹkan bíi 12 volt hàn tí rédíò bá wà ní títàn. Bẹ́ ẹ bá sì ń gbọ́ ohùn kan bíi ti yànmùyánmú tó ń lọ sókè bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń sáré, wáyà earth ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ẹ fi sáńpépà họ ọ̀dà kúrò títí irin á fi máa dán, kẹ́ ẹ dè é mọ́lẹ̀ pinpin, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí wáyà orin gba ẹ̀gbẹ́ kejì ọkọ̀, kó má ṣe bá wáyà pupa rìn.

Ohun kan ṣì wà táwọn ọ̀dọ́ máa ń ṣì lóye: bọ́tìnnì tí wọ́n kọ gain sí. Kì í ṣe bọ́tìnnì ariwo. Bẹ́ ẹ bá yí i dópin, ohùn á gé lórí àti nísàlẹ̀, kọ́ìlì á sì máa gbóná títí á fi jó, kódà bí amp náà ò bá lágbára tó wúfà. Ẹ fi 300 watt lọ́nà 2 ohm, ó di 600. Square root rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 24.5. (Ìwọ tó ò ń sọ pé ìṣirò GCSE ò wúlò, ó dé rèé o.) Ẹ tú wúfà kúrò, ẹ pa bass boost, ẹ gbé rédíò sí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, ẹ lu ìró 50 Hz, kẹ́ ẹ wá rọra yí gain títí mítà á fi ka 24.5 volt AC. Ẹ fi í síbẹ̀.

Kò yẹ kẹ́ ẹ gbàgbé etí náà. Wákàtí mẹ́jọ ni wọ́n ń kà sí ìwọ̀n fún ariwo 85 decibel lójúmọ́, bó bá sì ti fi 3 lé sí i, àkókò náà á dín sí ìdajì. Tó bá dé 100, ìṣẹ́jú 15 péré ló kù. Níhìn-ín ní Britain, ẹ tún sọ fún ilé iṣẹ́ ìbánigbófò pé ẹ fẹ́ fi nǹkan kún ọkọ̀ náà, kí ìjàǹbá tó dé, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Ọmọ mi ò ra amp mìíràn. Ó ta wúfà kejì, ó dá ti àkọ́kọ́ padà sí 2 ohm, a sì jọ ra fíùsì, tí owó rẹ̀ ò ju pọ́n-ùn mélòó kan lọ. Àpò ìrẹsì ti tún ń wọ búùtù.