Iná LED Gẹ́gẹ́ Bí Atọ́ka Agbára Ohùn Lára Áńpílífáyà: Àlàyé fún Olùkọ́

Àṣamọ̀
Iṣẹ́ yìí ṣàlàyé bí a ṣe lè fi iná LED mẹ́ta ṣe atọ́ka tí yóò máa fi bí agbára tí áńpílífáyà ń fún sípíkà ṣe pọ̀ tó hàn. A ṣe ìṣirò tí ó wà nídìí rẹ̀, a sì tọ́ka sí ẹ̀kọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ lè rí kọ́ níbẹ̀.

Ìfáárà
Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní mọ́ṣáláṣí àti ní òde ìnáwó, sípíkà púpọ̀ ni àyíjù ń bà jẹ́. Bí áńpílífáyà bá ti dé òpin agbára rẹ̀, orí ìgbì ohùn yóò gé, ohùn yóò máa ha, ooru yóò sì mú wáyà inú sípíkà títí yóò fi jó. Etí nìkan ni ẹni tí ó ń yí ohùn sókè fi ń wọn agbára náà, bẹ́ẹ̀ etí kì í ṣe òṣùwọ̀n tí ó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé: bí agbára bá di ìlọ́po méjì, díẹ̀ ni etí yóò rò pé ohùn fi gòkè. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Ó yẹ kí ojú ran etí lọ́wọ́.

Ìpìlẹ̀ Ìṣirò
Bí V bá jẹ́ góńgó fọ́ltéèjì ìgbì tí ó ń lọ geere, tí R sì jẹ́ ìdènà sípíkà, agbára ni P = V² ÷ 2R. Fún sípíkà 8 Ω, 4 V yóò fún wa ní 1 W, 8 V yóò fún wa ní 4 W, 16 V yóò sì fún wa ní 16 W. Ẹ ṣàkíyèsí pé nígbà tí fọ́ltéèjì di ìlọ́po méjì, agbára di ìlọ́po mẹ́rin. Ibí yìí gan-an ni ẹ̀kọ́ náà wà.

Ohun Èlò àti Ìtòpọ̀
A nílò dáyóòdù 1N4001 kan. LED aláwọ̀ ewé, aláwọ̀ ìyeyè àti pupa. Dáyóòdù Zener 5.1 V àti 13 V. Àti rẹ̀sítọ̀ 1 kΩ, 820 Ω àti 330 Ω.

A ó so 1N4001 mọ́ ẹsẹ̀ rere (+) sípíkà, kí ìlà ara rẹ̀ kọjú sí ẹ̀ka mẹ́ta tí yóò ti ibẹ̀ yà:
1. 1 kΩ, lẹ́yìn náà LED aláwọ̀ ewé;
2. 820 Ω, LED ìyeyè, lẹ́yìn náà Zener 5.1 V;
3. 330 Ω, LED pupa, lẹ́yìn náà Zener 13 V.

Gbogbo ẹ̀ka yóò parí sí ẹsẹ̀ kejì (−) sípíkà. Ẹsẹ̀ gígùn LED àti ìlà ara Zener ni yóò kọjú sí ọ̀nà rere.

Bí Ó Ṣe Ń Ṣiṣẹ́
LED kọ̀ọ̀kan ń gba nǹkan bí 2 V kí ó tó tàn, 1N4001 ń gba 0.7 V. Nítorí náà, ti àkọ́kọ́ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í tàn ní 2.7 V, ìyẹn bí ìlàjì wáàtì. Ìyeyè yóò dúró de 5.1 V mìíràn, yóò jí ní 7.8 V, ìyẹn bí 4 W. Pupa yóò jí ní 15.7 V, ìyẹn bí 15 W. Kò nílò bátìrì. Iná ohùn fúnra rẹ̀ ni ó ń lò. Iṣẹ́ 1N4001 ni láti dènà iná tí ó bá fẹ́ gba ẹ̀yìn wọlé, èyí tí LED kò lè fara dà.

Bí pupa bá ń ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kò léwu fún sípíkà 15 W. Bí ó bá dúró gbọn-in, kí a yí ohùn wálẹ̀.

Ìkìlọ̀
Áńpílífáyà tí kò ju 30 W lọ, pẹ̀lú sípíkà 8 Ω, ni a ṣírò yìí fún. Lórí 4 Ω, fọ́ltéèjì kan náà túmọ̀ sí ìlọ́po méjì agbára. A kò gbọdọ̀ so ó mọ́ okùn 100 V tí àwọn sípíkà oníwo ń lò. Kí a sì pa áńpílífáyà kí a tó so ohunkóhun mọ́ ọn.

Àgbálọgbábọ̀
Bí kíláàsì bá ti gba èyí, olùkọ́ lè tẹ̀ síwájú sí LM3915, tí ó ń darí LED 10, ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan 3 dB. Láti 1970 ni Iṣẹ́ Ìwádìí Ọdún Mẹ́fà ti Ilé-Ifẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì. Ó kù sí ọwọ́ olùkọ́ òní láti jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ fi èdè abínibí rẹ̀ sọ ìdí tí iná pupa fi tàn.