Kí Ló Ń Pa Kọ̀ǹpútà Yín?

Tí mo bá ń fi kọ̀ǹpútà àtijọ́ ilé wa ṣe ìdánrawò JAMB, ó máa ń kú lójijì. Bàbá mi ti fẹ́ tà á. Mo wo BIOS: processor gbóná dé 88°C! Bó bá gbóná jù, ṣe ló ń pa ara rẹ̀ kó má baà jóná.

Mo yọ ọ́ lára iná, mo ṣí i níta. Eruku ọyẹ́ Abẹ́òkúta ti dí irin tó wà lábẹ́ fáànù pa. Búrọ́ọ̀ṣì ìkunlé tuntun ni mo fi gbá a kúrò (ẹ fi ìka di fáànù mú o, kó má yí). Thermal paste tó ń gbé ooru processor lọ sára irin ti gbẹ bí ẹrẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀. Mo fi òwú àti spirit nù ún, mo fi tuntun sí i, kò ju kóró ẹ̀wà kan lọ.

Ó ti wálẹ̀ sí 57°C. Bàbá ò sọ̀rọ̀ títà mọ́.